Ẹni Tí Wọ́n Ń Fi Ẹjọ́ Ọmọ Sùn

Láti Ìkọ̀lé títí dé Ìdó, kò sí ìlú tí Súnkànmí Oyèbánjí yóò wọ̀ tí wọn kò ní bi í pé kí ni ó tún wá béèrè. Ìbéèrè ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìjọ kan tàbí ẹgbẹ́ kan bá dá ètò sílẹ̀ láti ran àwọn ọmọdé àti òbí wọn lọ́wọ́, tí ó sì tó àkókò láti mọ̀ bóyá ìrànlọ́wọ́ náà dé ibi tí wọ́n rán an, Súnkànmí ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Yóò wọ tákísì, yóò gun ọ̀kadà, yóò jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn, yóò sì máa béèrè. Gbogbo ìdáhùn tí ó bá gbọ́ ni ó máa ń tún sọ padà fún ẹni tí ó sọ ọ́, a sì fi kún un pé, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ọmọ kéékèèké tí kò lè pe orúkọ rẹ̀ ṣe ń pè é ní Àǹtí Ṣé-bẹ́ẹ̀-ni.

Ìlógbò ni wọ́n bí i sí, Ìkọ̀lé ni ọkọ gbé e wá. Ó ti ṣe olùkọ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fi kíláàsì sílẹ̀. Bí ènìyàn bá bi í ní ìdí tí ó fi kúrò, a ní ìbéèrè tí òun ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni òun ń bi àwọn ọmọ lójoojúmọ́, ó sì wu òun láti máa béèrè ohun tí òun kò mọ̀. Ọkọ rẹ̀, Olúwọlé, tí ó jẹ́ káfíńtà, a máa sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, “Ní ilé tèmi, a kì í jẹun láìdáhùn.”

Súnkànmí kò fẹ́ràn irọ́, yálà èyí tí ń bani nínú jẹ́ tàbí èyí tí ń múni láyọ̀. Àwọn ará Ìlógbò kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ bàtà. Ẹgbẹ́ kan ra bàtà aláwọ dáradára fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olóore náà wá wo ilé ìwé, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n bá. Inú bí wọn. Wọ́n ní kí Súnkànmí lọ wádìí ẹni tí ó ta bàtà náà. Ó yí ilé ká, ó sì padà wá jábọ̀ pé kò sí ẹni tí ó tà á. Bàtà wà lórí àjà, nínú ọ̀rá. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

“Bàtà ilé ìwé ni a rà,” ni alága ẹgbẹ́ náà wí.

“Ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, sà.”

“Ṣé ètò wa wá dára ni, àbí kò dára?”

“Bàtà yín ni ó dára jù, sà. Ẹ ra èyí tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, wọn yóò wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwé.”

Wọ́n ra bàtà rọ́bà. Ṣáká-ṣáká ni bàtà ń dún lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé ní ọdún kejì, láti ọjọ́ ajé dé ọjọ́ ẹtì.

Iṣẹ́ tí ó mú orúkọ Súnkànmí dé ibi tí ó dé lónìí, ní Ìrè ni ó ti ṣe é, ní ọdún 2004.

Ìlú àgbẹ̀ ni Ìrè. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn, obìnrin kì í sì í jókòó sílé nígbà tí ará ilé rẹ̀ bá wà ní oko. Ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú, tí kò sì tíì tó lọ sí ilé ìwé, ọ̀nà méjì ni ó máa ń tọ̀: yálà kí ìyá gbé e lọ sí oko, kí ó jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú iṣu sísun lọ́wọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tàbí kí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sílé láti tọ́jú rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n pàdánù ilé ìwé. Ẹgbẹ́ kan tí ó ní ibùjókòó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ìfẹ́ Ọmọdé, ni ó bá wọn kọ́ ilé kan sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pè é ní Ilé Ìṣeré. Ọmọbìnrin ìlú náà kan, Joy, ni ó ń tọ́jú àwọn ọmọ níbẹ̀. Ó ń fún wọn ní ògì tí a lọ ẹ̀wà sóyà mọ́ àti ẹ̀wà rírọ̀, ó ń kọ́ wọn ní orin, ó sì ń fọ ọwọ́ wọn tí kì í pẹ́ dọ̀tí.

Nígbà tí Ilé Ìṣeré ti rí òjò, tí ó sì ti rí ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ dé láti Ìbàdàn. Ìlú mìíràn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún irú rẹ̀, apá ẹgbẹ́ kò sì ká méjì. Bí ó bá ń ṣe àwọn ọmọ Ìrè ní àǹfààní, yóò dúró. Bí kò bá ṣe wọ́n ní àǹfààní, wọn yóò gbé e lọ. Kí àwọn ìyá sì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Súnkànmí ni wọ́n rán láti gbọ́ ọ.

Ó dé Ìrè lẹ́yìn ọ̀kadà Jacob, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó máa ń gbé e káàkiri. Ilé Màmá Afọlábí ni ó kọ́kọ́ yà. Ìyá arúgbó náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́ fún gààrí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ń bá a bó o. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ọmọkùnrin tí kò tíì tó lọ sí ilé ìwé, ń yí ògbólógbòó táyà kan ká àgbàlá, ó ń dún bí ọkọ̀ akẹ́rù.

“Ẹ kú uṣẹ́ o,” ni Màmá Afọlábí wí. “Ẹ jókòó, ulé yín ni.”

Súnkànmí jókòó, ó mú báírò rẹ̀ jáde. “Ìyá Ìmọ́lẹ̀, báwo ni ọmọ yín ṣe ń dàgbà sí láti ìgbà tí ó ti ń lọ sí Ilé Ìṣeré?”

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ wo ọmọ náà fìrí, ó sì yára gbé ojú kúrò lára rẹ̀. “Ó wà níbẹ̀.”

“Ṣé ó sanra sí i?”

“Sísanra kẹ̀? Ibo ni yóò ti sanra? Egungun lásán ni ẹ ń wò yẹn.”

Táyà kọlu ògiri, ó fò padà, Ìmọ́lẹ̀ gbá a mú, ó sì tún tì í síwájú.

“Ẹ ní egungun lásán ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó tiẹ̀ tún gbẹ sí i.”

“Ọmọ mélòó ni ẹ bí?”

Màmá Afọlábí dá ọ̀bẹ dúró. “Èyí tí Ọlọ́run fún wa ni, àbúrò. Ṣé ẹ fẹ́ rà nínú wọn ni?”

Bí ó ṣe rí ní ilé àkọ́kọ́ ni ó rí ní èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní gbogbo ilé tí ó yà. “A ṣì ń wò ó.” “Kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀.” “Ọmọ kí ni ẹ ń wò yìí?” Òṣùwọ̀n wà ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ nìkan ni àwọn ìyá máa ń gbà kí a gbé sínú rẹ̀. Ọmọ tí ó ti ń sáré, wọ́n ní kì í ṣe ẹran tí à ń wọ̀n tà.

Kì í ṣe pé Súnkànmí kò mọ àṣà. Ìyá tirẹ̀ náà, bí ènìyàn bá yin ọmọ lójú rẹ̀, a ní kí wọ́n fi òbùrẹ́wà yìí sílẹ̀. Ní gbogbo agbègbè náà, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í fi ẹnu ara ẹni gbé ọmọ ẹni ga lójú àlejò, kí ojú burúkú tí a kò mọ̀ má baà bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti ń fi ohùn ìwé béèrè, débi pé ó ti gbàgbé pé ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ti di ìyá kí ó tó di olùdáhùn. Ìgbà tí ó jí sí i, ilé tí ó kù kò pọ̀ mọ́, ohun tí ó sì ti kọ sílẹ̀ burú tó láti ti Ilé Ìṣeré pa.

Ó gun ọ̀kadà láìsọ̀rọ̀. Jacob, tí kò fẹ́ràn kí ènìyàn dákẹ́ lẹ́yìn òun, béèrè pé, “Ṣé iṣẹ́ ti parí, Àǹtí?”

“Jacob, bí mo bá fi ohun tí mo gbọ́ jábọ̀, wọn yóò gbé ilé yẹn kúrò ní Ìrè.”

“Ẹ fi ohun tí ẹ rí jábọ̀, kí ọ̀rọ̀ tán.”

“Ojú mi kọ́ ni wọ́n rán níṣẹ́, etí mi ni.”

“Bí etí bá ń parọ́ ńkọ́?”

“Etí kì í parọ́. Èmi ni n kò mọ ohun tí ó yẹ kí n jẹ́ kí ó gbọ́.”

“Ó dára, Àǹtí. Ẹ dì mí mú dáadáa, kòtò ń bọ̀.”

Inú kòtò náà ni táyà ẹ̀yìn jò sí. Wọn kò tíì jáde ní ìlú, nítorí náà wọ́n ti ọ̀kadà padà sọ́dọ̀ fọkanáísà tí ó wà lódìkejì ilé Màmá Afọlábí. Fọkanáísà tú táyà náà, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó ní, “Jacob, táyà yìí dàgbà jù ọ́ lọ. Ó yẹ kí o máa dọ̀bálẹ̀ kí i.” Jacob ní kí ó yéé bú àgbà, kí ó lẹ̀ ẹ́.

Súnkànmí fi ìwé sínú àpò, ó fi báírò sí i, ó kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì mú ọ̀bẹ láti bá Màmá Afọlábí bó ẹ̀gẹ́. Ìyá arúgbó náà kò bi í ní nǹkan kan, òun náà kò bi ìyá arúgbó ní nǹkan kan. Ìgbà náà ni Ìyá Ìmọ́lẹ̀ yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ bọ̀.

“Màmá, ẹ bá mi bi ọmọkùnrin yìí ní ohun tí mo fi ṣe é. Ẹ wo ṣòkòtò tí mo rán fún un nígbà ìkórè. Ó ti gòkè dé orúnkún. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ó ti ya.”

“Kí ló ń jẹ tí ìdí rẹ̀ fi ń ya ṣòkòtò?”

“Ẹ bi mí ní ohun tí kì í jẹ, Màmá. Ó jẹun ní Ilé Ìṣeré tán, ó délé, ó tún wá fi ọwọ́ nu ìkòkò mi. Iyán tí mo gbé sí òkè fún bàbá rẹ̀, ó gun àpótí, ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Lánàá, orí igi máńgòrò ni mo ti já a. Bí ó bá sì rẹ̀ ẹ́ tán, yóò ní kí n pọ̀n òun. Ta ni ó fẹ́ pọ̀n òkúta? Ẹ̀yìn ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.”

“Pẹ̀lẹ́,” ni Màmá Afọlábí wí, ó mi orí pẹ̀lú àánú ńlá. “Ẹjọ́ rẹ le.”

Súnkànmí gbé ojú sókè. Obìnrin náà ń ráhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Ó ti ọmọ náà síwájú kí gbogbo ènìyàn lè rí ibi tí ṣòkòtò gòkè dé. Ohun tí kò gbọdọ̀ fi ẹnu yìn, ó ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, kò sì fi ẹyọ kan pamọ́.

Súnkànmí rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ẹ má bínú. Kí ó tó máa lọ sí Ilé Ìṣeré, ẹjọ́ wo ni ẹ máa ń rò nípa rẹ̀?”

Ọwọ́ Ìyá Ìmọ́lẹ̀ rọ̀ lára ọmọ náà. Ó ronú díẹ̀.

“Nígbà náà? Kò ní ẹjọ́ nígbà náà, Àǹtí. Ibi tí mo bá gbé e sí lábẹ́ igi ni yóò jókòó sí. N ó roko, n ó padà dé, n ó sì bá a níbẹ̀. Kì í tilẹ̀ í lé eṣinṣin.”

Ìmọ́lẹ̀ rí i pé ọwọ́ ti rọ̀. Ó já ara rẹ̀ gbà. Ó bẹ́ sílẹ̀ láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sá tọ táyà Jacob lọ.

“Ẹ wò ó,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ẹ ṣáà wò ó.”

“N ó padà wá,” ni Súnkànmí wí. “Ẹ bá mi sọ fún àwọn ẹgbẹ́ yín pé mo ń gba ẹjọ́ ọmọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu ni kí ó pàdé mi ní Ilé Ìṣeré.”

“Ṣé ẹ ó bá wa nà wọ́n ni?” ni Màmá Afọlábí béèrè.

“Rárá o, Màmá. N ó kàn gbọ́ ni.”

Nígbà tí Súnkànmí padà dé, kò sí ìjókòó tí ó ṣófo ní Ilé Ìṣeré. Àwọn ìyá tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ ní ilé wọn ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn. Ọ̀kan ní ọmọbìnrin òun, Peace, kì í jẹ́ kí àdúgbò sùn mọ́; kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti máa kọ gbogbo orin tí Joy kọ́ ọ, yóò sì máa kí àwọn ewúrẹ́ ní gúùdù mọ́nìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ní ti òun kò kan ewúrẹ́: ọmọ òun ti ń fi ọwọ́ di abọ́ mú, ọmọ náà ní àfi kí ìyá kọ́kọ́ fọ ọwọ́ kí ó tó bu oúnjẹ.

“Ta ni ìyá láàárín èmi àti òun?” ni obìnrin náà béèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé. “Omi tí mo pọn láti odò, ọwọ́ fífọ̀ ni ó fi tán.”

“Pẹ̀lẹ́, ẹjọ́ rẹ le,” ni wọ́n jùmọ̀ dá a lóhùn.

“Tèmi le jù bẹ́ẹ̀ lọ,” ni ẹlòmíràn wí. “Nígbà tí àbúrò ti ń wá síbí, a dá ẹ̀gbọ́n padà sí ilé ìwé. Ó wá ń bá mi ṣírò gààrí lójú àwọn oníbàárà. Ó ní mo ń ṣì í.”

“Ṣé o ń ṣì í lóòótọ́?”

“Ṣé ohun tí Àǹtí bi mí nìyẹn?”

Joy pàápàá, tí ó ń ro ògì nídìí iná, rí ẹjọ́ tirẹ̀ rò. Ó ní àwọn ọmọ náà ti mọ adùn. Bí sóyà bá dín nínú ògì, wọn yóò wo ojú òun bí ìgbà tí agbowó orí bá ń wo ajẹgbèsè. Ẹ̀rín bo ilé. Súnkànmí ń tún gbogbo rẹ̀ sọ padà. “Ó gun àjà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Ìyá ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe àjà kékeré.

Àmọ́ Súnkànmí kì í ṣe ẹni tí ó máa ń gbọ́ apá kan, kí ó fi sùn. Ó rí i pé obìnrin kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àìná ni.

“Ìyá Àìná, ẹjọ́ wo ni ẹ ní?”

“Àìná kò ní ẹjọ́, Àǹtí. Jẹ́jẹ́ ni tirẹ̀.”

Bí ó bá jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn ni, Súnkànmí ì bá kọ ọ́ pé ọmọ náà ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí jẹ́jẹ́ lè jẹ́. Ó sún àpótí rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé ó máa ń wá síbí ṣá?”

“Orúkọ rẹ̀ wà níbí. Oko wa ni ó jìnnà. A gbọ́dọ̀ ti wà lọ́nà kí ilẹ̀ tó mọ́, Joy kò sì tíì ṣí ilẹ̀kùn nígbà náà. Mo máa ń gbé e lọ náà ni.”

“Ó máa ń jókòó sábẹ́ igi.”

“Ó máa ń jókòó sábẹ́ igi,” ni Ìyá Àìná wí. Kò tilẹ̀ dúró de ṣé-bẹ́ẹ̀-ni.

Súnkànmí kọ ìyẹn náà, kò sì fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ọ̀gbẹ́ni Jùwọ́nlọ, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìfẹ́ Ọmọdé, ni ó wá láti Ìbàdàn láti gbọ́ àbọ̀ kí ó sì sọ ìpinnu. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, kò bá ẹnikẹ́ni wá ìjà. Nínú gbọ̀ngàn ìjọ ni wọ́n ti pàdé, àwọn ìyá jókòó lórí àga gígùn, àwọn ọmọ wà lẹ́sẹ̀ wọn, lábẹ́ àga, àti ní ojú fèrèsé. Ó tẹ́tí sí gbogbo ohun tí Súnkànmí sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì pa ọwọ́ pọ̀.

“Arábìnrin Oyèbánjí, àǹfààní ni a ní kí ẹ wá. Ẹjọ́ ni ẹ gbé wá bá mi. Ṣòkòtò ya, iyán sọnù, ewúrẹ́ kò sùn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn tí ẹjọ́ wọn pọ̀ jù ni wọ́n ń jàǹfààní jù.”

“Mo gbọ́ àlàyé yín. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ni n ó sọ fún àwọn tí ó rán mi? Wọn yóò ní àwọn ìyá kò sọ pé ó dára. Ẹ̀yin ni ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí dáradára.”

Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Súnkànmí ì bá béèrè irú rẹ̀ bí ó bá wà níbi tí Jùwọ́nlọ wà. Ó wo àwọn ìyá, wọ́n sì wo ilẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò dìde lójú àlejò láti sọ pé ọmọ òun sanra, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ wó Ilé Ìṣeré lójú wọn. Joy ti fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà náà ni Màmá Afọlábí, tí kò mọ̀ pé ìpàdé ti dé ibi líle, rántí pé àwọn kò tíì kí àlejò bí ó ti yẹ.

“Ọ̀gá, ẹ kú àbọ̀ o. Ulé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?”

“Wọ́n wà dáadáa, Màmá. A dúpẹ́.”

“Ọmọ ńkọ́? Èyí tó kéré jù nínú wọn, ṣé ó ti ń sanra?”

“Ha, Màmá,” ni Jùwọ́nlọ wí, ó fi ọwọ́ gbọ́n ọ̀rọ̀ náà dànù. “Ó wà níbẹ̀ náà ni. Kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Àwọn ìyá gbé ojú sókè. Súnkànmí gbé báírò sókè, ohùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí bí ó ṣe máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́.

“Ẹ ní kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀, sà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Jùwọ́nlọ la ẹnu láti dáhùn. Ó pa á dé. Ó wo Màmá Afọlábí, ó wo àwọn ìyá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀rín ni, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ rò ó, sà,” ni Ìyá Ìmọ́lẹ̀ wí láti ẹ̀yìn. “Ẹ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún wa. A kò ní nà án.”

“Ẹ̀bùn ni orúkọ rẹ̀,” ni Jùwọ́nlọ wí. Ó nu ojú. “Mo kun ilé tán, n kò tíì kó ọ̀dà kúrò nílẹ̀, ó ti ya àwòrán sí ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná. Bàtà mi ni ó máa ń wọ̀ lọ pàdé àlejò. Ẹran inú ọbẹ̀ mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi tọ́ ọ wò, bí ó bá sì ti tọ́ ọ wò tán...”

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ojú rẹ̀ ń dán. Kò dákẹ́ títí Màmá Afọlábí fi kí i pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá. Ẹjọ́ yín le,” tí àwọn ìyá sì gbè é lẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo ohùn wọn.

Nígbà tí ilé rọlẹ̀, ó yíjú sí Súnkànmí. “Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni n ó gbé e dé Ìbàdàn. Bí wọ́n bá bi mí ní ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀, n ó ní kí oníkálukú kọ́kọ́ sọ bí ọmọ tirẹ̀ ti sanra tó. Ilé Ìṣeré kò ní kúrò ní Ìrè.”

Joy ti ń sunkún kí ó tó sọ tán. Jùwọ́nlọ kò tíì jókòó. “Ọmọ kan wà nínú àbọ̀ yín tí kò ní ẹjọ́. Èwo ni?”

Ìyá Àìná gbé ọmọ rẹ̀ dìde. Súnkànmí ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oko tí ó jìnnà àti ilẹ̀kùn tí kì í tètè ṣí, ó sì fi kún un pé ilé Ìyá Àìná nìkan kọ́. Jùwọ́nlọ béèrè bóyá Joy lè máa wá ní ìdájí. Kí Joy tó dáhùn ni Màmá Afọlábí ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“Kí ni ẹ fẹ́ jí ọmọ ọlọ́mọ sí? Oorun ti sá fún èmi láti ọjọ́ pípẹ́. Kí àkùkọ tó kọ, èmi ni mo ń jí i. Kí wọ́n máa gbé wọn sọ́dọ̀ mi bí wọ́n bá ti ń lọ sí oko, kí Joy wá kó wọn bí ilẹ̀ bá mọ́.”

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí Súnkànmí bá ti lọ yẹ ètò àwọn ọmọdé wò, yálà ní Ìkọ̀lé tàbí ní ìlú mìíràn, kì í béèrè mọ́ bóyá ọmọ sanra. Yóò jókòó, yóò gba ọ̀bẹ tàbí ọmọ orí ọlọ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá, yóò sì ní kí wọ́n fi ẹjọ́ ọmọ sun òun. Bí wọ́n bá ní ọmọ kan kò ní ẹjọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó tún gba Ìrè kọjá. Jacob kò tíì dá ọ̀kadà dúró dáadáa tí ẹnì kan ti ń pe Súnkànmí láti òkèèrè. Ìyá Àìná ni, ó ń sáré bọ̀, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Àǹtí, ẹ dúró gbọ́ ẹjọ́ mi. Ẹ dúró. Àìná ti fọ́ ìkòkò omi mi. Ó ní òun fẹ́ gbé e bí mo ti ń gbé e. Ó gbé e dé ìdajì ọ̀nà, ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí òun jó fún wọn.”

“Pẹ̀lẹ́,” ni Súnkànmí wí, ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. “Ẹjọ́ yín le.”

“Ó le, Àǹtí.”

Súnkànmí wá báírò nínú àpò. “Ó gbé ìkòkò omi, ó jó, ó sì fọ́ ọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Ìkòkò ńlá ni,” ni Ìyá Àìná wí. Ó la ọwọ́ méjèèjì láti fi bí ó ti tó hàn án. “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ńlá ni.”